Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: ẹ bi àwa òbí kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin olùdíje ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òbí ni mí ní Òṣogbo, aṣọ ni mò ń rán jẹun, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì ni gbogbo àwọn ọmọ mi ń lọ. N kò kọ lẹ́tà yìí láti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ga tàbí láti bu òmíràn kù. Mo kọ ọ́ nítorí pé nígbàkígbà tí ìjọba bá fẹ́ pààrọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, àwa tí ọmọ wa wà láàárín pírámárì 5 sí JSS 3 máa ń ní ìbẹ̀rù tiwa lọ́tọ̀, pé àwọn tó ń bọ̀ lè tún fẹ́ tú ilé-ẹ̀kọ́ palẹ̀ kí wọ́n sì tún un tò. Ohun kan ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu yín kí ìdìbò tó dé: pé ẹ kò ní yí ètò àwọn ọdún àárín wọ̀nyí padà láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí, àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́, àti pé bí ẹ bá tilẹ̀ máa yí i, ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ètò kan ni yóò parí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú yín kò fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà náà, ó sì lè jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn nìkan ni ẹ ti kà á. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pe àpérò lórí ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀. Nínú àtúntò tó tẹ̀lé e, wọ́n pín ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sí ìpele mẹ́ta: Gíréèdì 1 dé 4 jẹ́ ti àwọn kéékèèké, Gíréèdì 10 dé 12 jẹ́ ti àwọn àgbà, Gíréèdì 5 dé 9, ìyẹn pírámárì 5 dé JSS 3, sì di ilé-ẹ̀kọ́ àárín, èyí tí wọ́n kọ Middle School sára pátákó rẹ̀. Ètò 6-3-3-4 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìyẹn ọdún mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS àti mẹ́rin ní yunifásítì, ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà sì ni àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká ń bá lọ. Wọ́n da àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pọ̀, wọ́n pààrọ̀ orúkọ àwọn kan, gbogbo ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ kan náà jákèjádò ìpínlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga Oyètọ́lá kéde pé a ti padà sí 6-3-3-4, pé orúkọ àtijọ́ àti aṣọ àtijọ́ yóò padà bọ̀ sípò. Ẹni tó fagi lé àtúntò yìí ni ó ti jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì gómìnà tó gbé e kalẹ̀, inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà nígbà náà. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe sọ fún wa pé ẹgbẹ́ alátakò ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìkéde ìjọba ni a fi gbọ́ nípa àyípadà àkọ́kọ́, ìkéde ìjọba náà ni a fi gbọ́ nípa èkejì.

Ọmọbìnrin mi àgbà wọ ilé-ẹ̀kọ́ àárín ní ọdún 2015. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kúrò súnmọ́ wa débi pé mo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi kí n máa wò ó títí tí yóò fi wọlé. Èyí tí wọ́n pín in sí wà ní òdìkejì títì márosẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Àwọn tó bá níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Gíréèdì 9 tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ohùn àwọn ọkùnrin inú wọn ti ń ki. Mo gbà pé àwọn tó ṣe ètò náà ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Kò burú bí a bá ya ọmọ ọdún mẹ́fà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sì burú bí ọmọ tó ti ń gbọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, kò sí ẹni tó pe àwa òbí jókòó kó sọ fún wa bí àwọn kékeré yóò ṣe máa sọdá títì, ẹni tí yóò máa wà pẹ̀lú wọn ní àkókò ìsinmi, àti ohun tí a ó ṣe bí ọmọ ńlá bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ kékeré. Ọmọ mi lo odindi sáà kan kó tó lè sọ fún mi pé òun kì í lọ síbi ẹ̀rọ omi nítorí pé àwọn àgbà ló ń dá ibẹ̀ ní.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Gíréèdì 1 dé 4 ni ètò oúnjẹ ọ̀sán tí a mọ̀ sí O'Meals ń bọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, àwa òbí kò sì lè ṣe kí a má dúpẹ́ fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹyin àti ẹja ti máa ń kàn wọ́n. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá wọ Gíréèdì 5 ni oúnjẹ náà dópin. Nítorí náà, ọdún tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rìn jìnnà jù, tó ń pẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ jù, tí ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà, gan-an ni ọdún tí abọ́ rẹ̀ ṣófo. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bi ìyá kan ṣoṣo lára àwa tí à ń di oúnjẹ fún ọmọ láàárọ̀, ìbá ti sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó fa ìlà sáàárín 4 àti 5.

N kò ní jẹ́ kí ìbínú mú mi purọ́. Àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ ní àkókò náà dára, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní; ẹni tó bá kọjá níwájú Osogbo Government High School, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, yóò mọ̀ pé owó ìlú lè kọ́ ohun tó gbayì. Ọmọ mi náà rí oore nínú dídarapọ̀ mọ́ àwọn àgbà: ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Gíréèdì 8 ló kọ́ ọ ní ìṣirò ìdá, tí èmi àti olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ tì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìyẹn sínú lẹ́tà yìí.

Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi àwọn ọmọ wa sínú ètò tuntun yìí náà ni owó olùkọ́ dín kù. Láti oṣù keje ọdún 2015 ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun ti di ohun tí wọ́n ń gé: àwọn tó wà ní ìpele 8 dé 10 ń gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó wà ní ìpele 12 sókè ń gba ìdajì, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí wọ ọdún 2018. Ẹ ronú sí i pé àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń kápá ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò fẹ́ gbọ́ràn, ni gígé yìí bá jù. Mo mọ olùkọ́ kan tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́. Mo mọ òmíràn tó ń ta bisikíìtì àti ráìsì dídì fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Àwa òbí dá owó nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ láti gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kó máa kọ́ wọn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn. Olùkọ́ PTA ni à ń pe irú wọn, gbogbo yín ni ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ṣì wà káàkiri. Ètò tó bá fẹ́ kí olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa wọlé kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè rìn nígbà tí olùkọ́ kò tó, tí ìdajì owó àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti wọgbó.

Ìgbà tí mo bi ọmọbìnrin mi láìpẹ́ yìí pé kí ni ó máa ń rántí jù nípa ọdún márààrún-ún tó lò níbẹ̀, kò mẹ́nu ba Gíréèdì, kò mẹ́nu ba JSS, kò dárúkọ gómìnà kankan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló mẹ́nu bà. Ó ní láti ìgbà tí nǹkan oṣù òun ti bẹ̀rẹ̀ ní Gíréèdì 7, òun kì í lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù náà bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí omi nílé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ṣeé tì. Orí fífọ́ ló ń sọ fún mi pé ó ń ṣe òun. Èmi ìyá rẹ̀ kò mọ̀, bàbá rẹ̀ kò mọ̀, olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ ọkùnrin kò sì lè mọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn obìnrin mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, méjì nínú wọn ní ọmọ àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùdíje, kò sí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè fi orí ara rẹ̀ ro èyí jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti jókòó ti àwọn ọmọ, kí obìnrin sì wà lára àwọn tí yóò bi wọ́n.

Ìgbà kejì tí àyípadà kàn wá ló dùn mí jù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọ Gíréèdì 5 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó sì ti ṣe fọ́ńté fún gbogbo àdúgbò pé òun ti kúrò láàárín àwọn ọmọdé. Oṣù díẹ̀ ló lò níbẹ̀ kí ìkéde oṣù kejì ọdún 2020 tó jáde, oṣù kẹta kò sì tíì parí tí àrùn Kòrónà fi ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa. Nígbà tí wọ́n padà ṣí i, ọmọ tó ti jáde nílé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àárín wọlé padà gẹ́gẹ́ bí ọmọ pírámárì. Ó bi mí pé, "Màmá, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi dá mi padà?" Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe, pé ìjọba ló yí orúkọ padà. Ó ní ṣé wọ́n á tún yí i padà kí òun tó jáde. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí.

Àtúnṣe náà lè tọ́, mo tilẹ̀ rò pé ó tọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Ohun tí n kò lè gbà ni pé wọ́n gbé e lé orí ọmọ tó ti wà lójú ọ̀nà. Kò sí ohun tó ní kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, kí àwọn tó ti wà nínú ti àná sì máa tẹ̀síwájú títí tí wọn yóò fi jáde. Yóò gba ọdún díẹ̀, ètò méjì yóò sì máa rìn pọ̀, èyí tó jẹ́ wàhálà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń gba owó oṣù láti fara da wàhálà, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gba nǹkan kan.

Ti aṣọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo jẹ àǹfààní nínú ìpadàbọ̀ aṣọ àtijọ́ nítorí pé aránṣọ ni mí, ẹ̀rọ mi kò sinmi ní àsìkò náà. Gẹ́gẹ́ bí òbí, èmi náà tún ra aṣọ tuntun fún ọmọ tí ti àná rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn ìyá tó wá bẹ̀ mí pé kí n gba owó díẹ̀díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó san án lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjáàbù náà, ìyẹn ìbòrí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí, tó dé ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo, tí ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, n kò ní wọ inú rẹ̀. Kí n kàn sọ pé ọmọ kékeré kò yẹ kó máa kọjá láàárín àwọn àgbà tó ń jà lẹ́nu géètì kó tó dé kíláàsì, ẹ̀sìn yòówù kí òbí rẹ̀ máa ṣe.

Ìwé ẹ̀rí ọmọ náà ń jìyà àyípadà. Aládùúgbò mi kan kó lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ètò Gíréèdì wà lórí àlééfà, ó sì mú èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Ẹni tó gbà wọ́n ń bi í pé kí ni Gíréèdì 7, ṣé ọmọ yìí ti parí pírámárì àbí kò tíì parí. Ó ní láti padà wá sí Ọ̀ṣun wá gba ìwé mìíràn tó ṣàlàyé pé JSS 1 ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ jáde ní Módà, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ fún àwọn tó jáde pírámárì tí wọn kò ráyè wọ girama, ní àsìkò tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ti sọ àwọn ọmọ di púpọ̀. Ìwé rẹ̀ gbà á sí iṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí mo dàgbà, kò sí ọ̀dọ́ kankan tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì ti rẹ bàbá náà láti máa ṣàlàyé. Ìyẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ohun ìgbàgbé. Ti Gíréèdì 5 dé 9 kò gba ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí owó, nítorí ẹ̀yin olùdíje fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní pírámárì àti JSS ìjọba, àti pé ẹni tó bá gba owó lòdì sí èyí lè san ìtanràn tí kò ní ju 10,000 náírà lọ, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn náà kò gbàgbé òbí: ẹni tí kò bá rán ọmọ lọ, ìbáwí ni ti àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kejì 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ló wà nílẹ̀ dè é. Síbẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí ọmọ mi jáde kúrò níbi ìdánwò ìparí sáà nítorí owó tí wọ́n pè ní ti ìwé ìdánwò. Kí a tó san ìyẹn ni owó olùkọ́ PTA, owó àga, àti owó àwọn tó ń gé koríko ti wà nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá àgbà náà kò kó o sápò; owó tó yẹ kí ìjọba fi ránṣẹ́ ni kò dé, ó sì ní láti ra ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń san gbogbo èyí kò tún lè máa ra aṣọ tuntun, ìwé tuntun àti báàjì tuntun ní gbogbo ìgbà tí gómìnà bá ní èrò tuntun. Àyípadà tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ kọ iye tí yóò ná òbí kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí yóò ná ìjọba.

Bí ẹ bá wá bi mí pé báwo ni kí ẹ ṣe bi wá, kò le. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ọ̀pọ̀ sì ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí àwọn ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ibòmíràn orúkọ nìkan ni. Kí ìwé àbá dé ọ̀dọ̀ wọn ní èdè Yorùbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí àti ní Modákẹ́kẹ́, kí wọ́n fún wa ní odindi sáà kan láti jíròrò lórí rẹ̀, kí a sì rí èsì wa kà nínú ohun tí ìjọba yóò gbé lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Mo fẹ́ kí ó di òfin níbẹ̀, kí gómìnà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má lè fi ìkéde ọjọ́ kan tú u ká. Bí òfin bá dè é, ẹni tó fẹ́ yí i padà yóò ní láti wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú àwọn tí a dìbò yàn, àwa náà yóò sì ráyè sọ tiwa.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn wà ní pírámárì 6 báyìí, JSS 1 ló kàn. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ní ọjọ́ tí ìwé ìkésíni bá dá. Ẹ̀ ń lọ sí ọjà, ẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ẹ wá síbẹ̀ náà. Ẹ má wulẹ̀ kó ìrẹsì wá. Ìwé ojú kan ni kí ẹ mú dání, tí ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ kò ní yí ètò ọdún àárín padà láìbi wá àti láìsí òfin, pé àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ yóò parí, kí ẹ fọwọ́ sí i níṣojú wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò kà á sókè, yóò sì fi pamọ́ sínú fáìlì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo